Ife Kajú Tí Mo Da Wàrà Sí

Ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, ọmọ mi mú mi lọ sí ilé ọtí ńlá kan ní Kùtọnu. Wọ́n gbé ìwé tí wọ́n kọ orúkọ ọtí sí wá, ọmọ mi sì ń kà á sí mi létí. Ó dé orí ọtí kan tí wọ́n pè ní ọtí kílọ́ọ̀bù Ṣábẹ̀ẹ́. Wọ́n kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé àwọn òyìnbó tó wá gbá gọ́ọ̀fù lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé-iṣẹ́ ṣúgà ló gbé e wá láti ìlú wọn. Mo ní kí wọ́n lọ pe ẹni tó kọ ìwé náà wá fún mi. Ọmọ mi bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀ mí kí n má pariwo.

Irọ́ ni wọ́n kọ. Èmi ni mo ṣe ọtí náà. Ní ìgbà Ehuzu ni, ìyẹn ìyípadà, bí a ṣe ń pe àkókò tí àwọn ológun àti ẹgbẹ́ òṣèlú wọn kan ṣoṣo ń ṣe ìjọba lé wa lórí. Ọwọ́ mi yìí ló fún kajú rẹ̀. Ẹnu mi yìí ló kọ́kọ́ mu ún, lójú gbogbo èèyàn, tí wọ́n sì jókòó tì mí kí wọ́n lè rí bí n ó ṣe kú. Mo ti dàgbà báyìí, kò sí délégè ìjọba tó tún lè ránṣẹ́ pè mí, nítorí náà mo fẹ́ sọ ọ́ bó ṣe rí.

Àwọn òyìnbó tó ń to ẹ̀rọ sí ilé-iṣẹ́ ṣúgà ní Ṣábẹ̀ẹ́, ìlú wa, ló gé igbó ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, tí wọ́n gbẹ́ ihò gọ́ọ̀fù mẹ́sàn-án sí i. Koríko wọn kò hù lórí ilẹ̀ àpáta wa, ni wọ́n bá po yanrìn mọ́ òróró dúdú tí wọ́n fà jáde nínú ẹ̀rọ, wọ́n tẹ́ ẹ yí ihò kọ̀ọ̀kan ká. Bọ́ọ̀lù funfun náà á ta mọ́ òkúta, á fò wọ inú oko iṣu lọ. Àwọn àgbẹ̀ á jókòó sórí ebè, wọ́n á máa wo àgbàlagbà ọkùnrin tó fi irin gbá nǹkan tí kò ju ẹyin àparò lọ, tó sì tún ń rìn kiri nínú oòrùn láti wá a. Oko ọjọ́ náà kò ní ṣeé ro mọ́ nítorí ẹ̀rín.

Báà ibẹ̀, ibi tí wọ́n ti ń mu ọtí, ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Ọkọ mi ti lọ sí Abíjàn, kò padà. Mo ka ìwé díẹ̀, mo gbọ́ Faransé, mo sì lẹ́nu. Ẹnu yẹn gan-an ni olórí àwọn òyìnbó rí tó fi gbà mí, ó ní òun fẹ́ ẹni tó lè lé ọ̀mùtí síta.

Ọkọ̀ ojú irin ló ń kó ọtí wọn wá láti Kùtọnu, òun àti yìnyín tí wọ́n fi èérún pákó bò. Ní ọ̀sẹ̀ kan, yìnyín dé, ọtí kò dé. Àwọn òyìnbó jókòó, wọ́n fajú ro. Mo wo igi kajú tó wà lẹ́yìn ihò kẹsàn-án, èso pọ́n rẹ̀ẹ̀rẹ̀ẹ̀ nílẹ̀, ẹnikẹ́ni kò kà á sí. Èyí tó já fúnra rẹ̀ ni mo ṣà, nítorí èyí tí wọ́n bá fi igi já kì í tíì dùn tán. Mo yí kóró ìdí rẹ̀ kúrò, mo fọ̀ ọ́, mo fún omi rẹ̀ gba inú aṣọ funfun. Mo gún atalẹ̀ tútù sí i, mo fún ọsàn wẹ́wẹ́ sí i, mo da ṣúgà ilé-iṣẹ́ wọn sí i, mo wá bu sódábì lé e, ọtí líle tí àwọn ará ìsàlẹ̀ ń sè láti inú ẹmu.

Láti ọjọ́ náà ni wọn kò ti bèèrè ọtí ọkọ̀ ojú irin mọ́. Tí o bá gbé e sẹ́nu, òórùn kajú á kọ́kọ́ gba imú rẹ, atalẹ̀ á ta ọ́ díẹ̀, sódábì á wá rọra tẹ̀lé e wọlé. Ẹni tó bá ti rin ihò mẹ́sàn-án nínú oòrùn oṣù kẹta Ṣábẹ̀ẹ́ á mọ ohun tí mò ń sọ. Àléébù kan ló ní: ó máa ń fa ọ̀fun, bí kajú ṣe ń ṣe. Ẹni tó bá mu ife méjì á fẹ́rẹ̀ẹ́ má lè sọ̀rọ̀ já gaara.

Nǹkan kan wà tó yẹ kí n sọ kí n tó lọ síwájú. Gbogbo ọmọ Ṣábẹ̀ẹ́ ló ń gbọ́ ọ láti kékeré pé èèyàn ò gbọdọ̀ jẹ kajú kó mu wàrà lé e. Wọ́n ní wàrà á dì nínú ikùn, á sì pa olúwarẹ̀ kí oòrùn tó wọ̀. Mùsùlùmí gbà bẹ́ẹ̀, ọmọ ìjọ gbà bẹ́ẹ̀, àwọn tó ń bọ òrìṣà náà gbà bẹ́ẹ̀. Kò sí ọ̀rọ̀ mìíràn tí ẹnu wọn ṣọ̀kan lórí rẹ̀ tó bẹ́ẹ̀. Èmi náà gbà á gbọ́, mo sì ní ìdí tèmi.

Mo ní àbúrò ọkùnrin kan. Kò tíì ju ọmọ ọdún mẹ́ta lọ. Ìyá mi pọ̀n ọ́n lọ sóko láàárọ̀ ọjọ́ kan, ara ọmọ náà sì ti ń gbóná láti ọjọ́ tó ṣáájú. Ó fa kajú kan mu lábẹ́ igi. Obìnrin Fúlàní kan tó ń kọjá rí i tó ń sunkún, ó bu wàrà díẹ̀ fún un nínú igbá. Kí oòrùn tó wọ̀, àbúrò mi ti kú. Ìyá mi ń pariwo pé ara ọmọ náà ti ń gbóná kó tó fi nǹkan kan sẹ́nu. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi obìnrin kó ẹrù ìyá mi dà sí gbangba agbo ilé wọn ní Plateau, àdúgbò kan ní Ṣábẹ̀ẹ́, ó ní kó máa lọ, ó ní apànìyàn ni. Bàbá mi dúró lẹ́nu ọ̀nà, kò sọ nǹkan kan. Ìyá mi fà mí lọ́wọ́, a sì padà sí ilé bàbá rẹ̀ ní Kábúà.

Wọ́n fún un lórúkọ kan tí mi ò ní kọ síhìn-ín. Tí àsìkò kajú bá dé, tí òórùn rẹ̀ gba gbogbo Kábúà, ìyá mi á máa wolẹ̀ tó bá ń gba abẹ́ igi kọjá. Kò fi kan ẹnu mọ́ láé. Nígbà tó gbọ́ pé omi kajú ni mò ń pò fún òyìnbó, ọ̀rọ̀ kan ló sọ fún mi: “Má jẹ́ kí wàrà wọ ibi tí o ti ń ṣe é.” Mo gbọ́ràn sí i lẹ́nu. Kọfí dúdú ni wọ́n ń mu ní báà mi, ẹni tí kò bá fẹ́ ẹ kó lọ mu omi.

Délégè wa, ìyẹn aṣojú ẹgbẹ́ ìjọba, jẹ́ ọ̀dọ́kùnrin kan láti apá Pọ́bẹ̀. Yorùbá bíi tiwa ni, ṣùgbọ́n kajú ò pọ̀ lọ́dọ̀ wọn. Láàárọ̀, á dúró níwájú àwọn òṣìṣẹ́, á sọ fún wọn pé eré àwọn tó ń fa ẹ̀jẹ̀ tálákà mu ni gọ́ọ̀fù. Tí ó bá di aago mẹ́rin, ẹ ó bá òun náà níbi ihò kejì tó ń fi irin gbá ilẹ̀. Kò gbá bọ́ọ̀lù náà rí kó lọ síbi tó fẹ́. Mo máa ń rẹ́rìn-ín, ó sì mọ̀ pé mò ń rẹ́rìn-ín.

Ní Sátidé kan, ó mu ife mẹ́ta lọ́dọ̀ mi. Ó délé, ó jẹ búrẹ́dì, ó sì fi kọfí tó kún fún wàrà agolo dídùn sìn ín, bí àwọn alákọ̀wé ṣe ń ṣe. Awakọ̀ rẹ̀, ọmọ Ṣábẹ̀ẹ́, ló wọlé tó rí agolo wàrà lórí tábìlì. Ó ká ọwọ́ lérí. Ó ní, “Kamarádì,” bí wọ́n ṣe ń pe ara wọn nínú ẹgbẹ́, “ṣé kajú kọ́ lẹ mu ní kílọ́ọ̀bù?” Láti ìgbà náà ni inú délégè ti bẹ̀rẹ̀ sí í run ún. Sódábì ife mẹ́ta nínú oòrùn, ṣé ó yẹ kí inú má runni? Wọ́n gbé e lọ sí ilé ìwòsàn, ó bì títí kò fi sí ohun tó tún lè bì mọ́, ó sì sùn síbẹ̀ di ọjọ́ kejì.

Ní ọjọ́ Túsìdé, jándáàmù méjì, àwọn ọlọ́pàá ológun, wá mú mi ní báà. Wọn kò mú mi jìnnà. Abẹ́ òrùlé páànù kílọ́ọ̀bù náà ni wọ́n ti pe ìpàdé sí, àwọn òṣìṣẹ́ wà níbẹ̀, àwọn àgbẹ̀ wà níbẹ̀, àwọn òyìnbó mẹ́rin kan dúró lẹ́yìn. Délégè jókòó sórí àga, ó fi aṣọ òtútù bo ara rẹ̀ nínú ooru yẹn. Ó ní mo fẹ́ pa aṣojú ìyípadà. Mo mọ ohun tí irú ẹ̀sùn bẹ́ẹ̀ ń ṣe fún èèyàn nígbà náà. Wọ́n lè kó mi lọ sí àtìmọ́lé ní ibi tí ìyá mi kò ní lè dé.

Ó bi mí pé, “Kamarádì obìnrin, ṣé o kò mọ̀ pé kajú àti wàrà ń pa èèyàn ni?”

“Mo mọ̀.”

“Kí ló dé tí o kò kìlọ̀ fún mi?”

“Ẹ ò mu wàrà lọ́dọ̀ mi. Wàrà ò wọ báà yìí rí, ẹ bi gbogbo wọn.”

Ó yíjú sí àwọn èèyàn. “Ṣé ẹ gbọ́? Ó mọ̀ pé májèlé ni, ìdí tí kò fi jẹ́ kí wàrà wọlé nìyẹn. Ó fẹ́ kó jẹ́ ilé mi ni n ó kú sí.”

Irú ọgbọ́n bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń kọ́ wọn nínú ìpàdé ẹgbẹ́. Mo fẹ́ fi ẹ̀sọ̀ dá a lóhùn, Ọlọ́run jẹ́ ẹlẹ́rìí mi. Ìgbà náà ni awakọ̀ rẹ̀ dìde. Ó ní, “Kamarádì, kò yà mí lẹ́nu. Ìyá ẹ̀ ló kọ́ ọ. Ọmọ bíbí inú ẹ̀ ni ìyẹn fi kajú àti wàrà pa. Ẹ bi àwọn ará Plateau.” Ó sì pe orúkọ náà, orúkọ tí wọ́n sọ ìyá mi, níwájú gbogbo èèyàn.

Inú bí mi débi pé etí mi ń ho. Tí wọ́n bá ti fi mí sílẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀sùn tèmi, bóyá ẹ̀bẹ̀ ni mo máa bẹ̀, torí mo fẹ́ràn ara mi. Ṣùgbọ́n ìyá mi ti wolẹ̀ rìn tó.

Mo bi délégè pé, “Ṣé ẹ kú?”

“Oògùn ilé ìwòsàn ló gbà mí.”

“Ó dáa. Èmi ò ní lo oògùn.” Mo kọjú sí awakọ̀. “Lọ gbé agolo wàrà tí ọ̀gá ẹ mu kù wá fún mi.”

Awakọ̀ wo délégè, délégè mi orí, ó sì lọ. Nígbà tó gbé e dé, mo ti fún kajú sínú abọ́ ńlá, mo ti po gbogbo nǹkan tó kù mọ́ ọn. Mo da wàrà sí i. Lójú ẹsẹ̀ ló dì, ó ṣù wúruwùru bí ògì tí wọn kò rò dáadáa. Àwọn obìnrin kígbe. Ẹnì kan ní kí wọ́n gba abọ́ náà lọ́wọ́ mi.

Mi ò ní purọ́ pé àyà ò já mi. Mo ti sọ pé mo gbà á gbọ́. Bí mo ṣe ń wo ohun tó ń dì nínú abọ́ yẹn, ojú àbúrò mi ni mò ń rí. Mo mú aṣọ funfun mi, bí mo ṣe máa ń ṣe lójoojúmọ́, mo fẹ́ sẹ́ ẹ. Awakọ̀ pariwo pé mo fẹ́ sẹ́ májèlé rẹ̀ kúrò. Mo ní ó dáa. Mo fi ife bu ú tòun ti ṣíṣù rẹ̀, mo sì mu ún tán, mo tún bu òmíràn, mo mu ún tán. Ṣíṣù náà ń ká mi lọ́nà ọ̀fun bó ṣe ń lọ. Mo gbé ife kalẹ̀, mo ní, “Aago mẹ́wàá àárọ̀ nìyí. Wọ́n ní kí oòrùn tó wọ̀ ni. Ẹ jókòó.”

Wọ́n jókòó lóòótọ́. Mo bọ́ sábẹ́ igi kajú lẹ́gbẹ̀ẹ́ ihò kẹsàn-án, mo fẹ̀yìn ti igi, jándáàmù kan dúró tì mí. Nítorí pé mi ò lè jókòó lásán, mo ní kí wọ́n gbé abọ́ náà wá, mo sẹ́ èyí tó kù. Gbogbo ṣíṣù náà dúró sínú aṣọ. Ohun tó kán jáde mọ́ kedere, èèyàn lè rí ìka ọwọ́ rẹ̀ gba inú ife náà. Mo gbé e sínú yìnyín, mo pa ojú mi dé, mo ń gbàdúrà.

Ìyá mi dé nígbà tí oòrùn ti yẹ̀ díẹ̀ sí ìwọ̀-oòrùn. Ẹnì kan ti gbé ọ̀rọ̀ náà dé Kábúà, ó sì bá ọkọ̀ tó kó iṣu wá. Kò kí ẹnikẹ́ni. Ó jókòó sílẹ̀ níwájú mi.

“Kí lo mu?”

“Kajú àti wàrà, Ìyá. Ẹ má bínú.”

“Ta ló fún ẹ?”

“Èmi ni mo fún ara mi.”

Ó gbé ọwọ́ lé ọrùn mi kó lè mọ bóyá ara mi gbóná. Kò gbóná. Láti ìgbà náà, kò wo ojú mi mọ́, oòrùn ló ń wò.

Olórí àwọn òyìnbó ni kò lè fara dà á mọ́. Òùngbẹ ń gbẹ ẹ́, èmi tó ń fún wọn ní ọtí sì ń kú lọ́wọ́. Ó wá, ó gbé ife kan nínú èyí tí mo sẹ́, ó mu ún. Ó wo ife náà. Ó tún mu ún. Ó bi mí ní Faransé pé kí ni mo ṣe sí i tí kò fa ọ̀fun mọ́. Mo gbé e sẹ́nu, lóòótọ́ ni. Wàrà ti kó gbogbo ohun tó ń fa ọ̀fun lára kajú lọ, ó sì bá a lọ sínú aṣọ. Ó lọ wọ́ọ́rọ́wọ́, òórùn kajú sì wà níbẹ̀ pé. Àwọn tó jókòó wá bẹ̀rẹ̀ sí í retí òkú méjì dípò ẹyọ kan.

Oòrùn wọ̀ sẹ́yìn àwọn òkè wa. Ebi nìkan ló ń pa mí. Délégè dìde nínú aṣọ òtútù rẹ̀, ó ní ìpàdé ti parí, ó kígbe ọ̀rọ̀ ìyípadà tí a máa ń dáhùn sí. Kò sẹ́ni tó jẹ́. Ó ní kí n padà sẹ́nu iṣẹ́ mi. Mo ní mi ò kúrò níbẹ̀ rí.

Ìyá mi ṣì jókòó. Ó ní, “Ṣé ó ti wọ̀ tán?”

“Ó ti wọ̀, Ìyá.”

“Àbúrò ẹ ti kú kó tó di báyìí.” Ó ní, “Nígbà náà, kì í ṣe èmi.” Ó ń sọ ọ́ sí ara rẹ̀, kì í ṣe sí mi, mo sì sunkún bí ọmọdé.

Bí ọtí kílọ́ọ̀bù Ṣábẹ̀ẹ́ ṣe di ohun tó jẹ́ nìyẹn. Àwọn òyìnbó kò mu ti tẹ́lẹ̀ mọ́. Délégè náà ń mu ún, ó kàn máa ń ní kí n kọ́kọ́ tọ́ ọ wò. Nígbà tí àwọn òyìnbó ń padà sílé, wọ́n gbé e lọ, wọ́n sì fi orúkọ ara wọn sí i. Kí wọ́n máa fi orúkọ sí i lọ. Ibi tí mo gbé e lọ lẹ́yìn ọjọ́ náà, wọn kò lè kọ ìyẹn sínú ìwé ilé ọtí.

Ọ̀sẹ̀ náà kò tíì parí tí ìyá mi fi wá pè mí. Ó ní kí n fún kajú, kí n ra wàrà agolo, kí n má sẹ́ ẹ. A lọ sí Plateau, sí agbo ilé bàbá mi. Ó ti pé ju ogún ọdún lọ tó ti débẹ̀ gbẹ̀yìn. Ó wá ibi tí wọ́n da ẹrù rẹ̀ sí lọ́jọ́ náà, ó sì jókòó síbẹ̀. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi obìnrin, tó ti darúgbó, bẹ̀rẹ̀ sí í bèèrè ohun tí a wá ṣe. Ìyá mi ní kí n pò ó. Mo pò ó lójú wọn, ó dì, ìyá mi gba ife lọ́wọ́ mi, ó sì mu ún tòun ti ṣíṣù rẹ̀.

Ó ní, “Mo ti ń bọ̀ láti Kábúà, mi ò kánjú. Ẹ jókòó tì mí kí oòrùn wọ̀.”

Bàbá mi jáde. Ibi tó dúró sí lẹ́nu ọ̀nà lọ́jọ́ náà gan-an ló tún dúró sí, kò sì kúrò níbẹ̀ ní gbogbo ọ̀sán yẹn. Wọ́n gbé oúnjẹ wá fún ìyá mi, kò jẹ. Nígbà tí oòrùn wọ̀, ó dìde, ó gbọn iyẹ̀pẹ̀ ìdí ìró rẹ̀, ó sì gbé ojú sókè wo gbogbo wọn.

Ó ní, “Ara ọmọ náà ti ń gbóná láti ọjọ́ tó ṣáájú. Mo sọ fún yín.”

Bàbá mi ní, “O sọ fún wa.”

Ìyá mi ní kí n gbé abọ́ àti ife, a sì lọ wá ọkọ̀ Kábúà.